Ọdún Tí Mo Ń Bá Mọ́mì Kúnlẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ọdún wo ni a rẹ́rìn-ín jù nínú ilé wa ní Enugu, ọdún tí jẹjẹrẹ ọmú mọ́mì mi padà wá, tí ó sì wọ inú egungun rẹ̀, ni mo máa dárúkọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn ún gbọ́. Ọkọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n má máa fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn níwájú àlejò, torí pé àwọn èèyàn kì í mọ ibi tí wọ́n máa gbé ojú sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. A sunkún náà, mi ò ní purọ́. Ẹkún àti ẹ̀rín jọ ń gbé inú ilé wa lọ́dún náà bíi tẹ́náǹtì méjì tó ń lo ilé ìdáná kan, tí ọ̀kan kò lè ní kí èkejì jáde.

Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni a ń gbé, kò jìnnà sí Thinkers Corner. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé dádì mi dé Enugu kí wọ́n tó bí mi, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì gbàgbé láti gbé e kúrò. Àgbàlá wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, obìnrin tó ń ta òkpá, mọ́ínmọ́ín àwọn ará Enugu, yóò ti kígbe kọjá, kẹ̀kẹ́ yóò ti máa fun fèrè ní jọ́ńkíṣọ̀n, Mama Nkechi tó ń gbé ojúlé kejì sí wa yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ odó bá ìyá odó jà. Bí ọkọ̀ tó ń ta omi bá dé, kálukú á sáré jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti báfù, torí pé ẹni tó bá sùn gbàgbé nígbà tí omi dé, itọ́ ẹnu rẹ̀ ni yóò fi wẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọ inú kẹ́ẹ̀gì, kí n máa gbá erùpẹ̀ pupa tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọlé, kí n sì máa sọ Yorùbá, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀. Pidgin ni mo fi ń ronú, òun náà ni mo fi ń lálàá. Mọ́mì a ní, “Mopé, ọmọ tó bá fi Pidgin kí mi láàárọ̀, Pidgin náà ni yóò jẹ.”

Ohun kan ṣoṣo tó jẹ mọ́ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni kò lè bá mi wí sí ni ìkúnlẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo ti kọ́ ọ. Ìkúnlẹ̀ mọ́mì mi lórúkọ. Kì í ṣe irú èyí tí àwa ìsinsìnyí ń ṣe, tí a máa ń tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, tí a ti nàró. Orúnkún tirẹ̀ méjèèjì ló ń kanlẹ̀, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, orí á tẹ̀, kò sì ní dìde títí ẹni tó ń kí yóò fi wúre tán. Ìkúnlẹ̀ yẹn ló fi wọ ilé ọkọ. Lọ́jọ́ tí dádì kọ́kọ́ mú un lọ fi han ìyá rẹ̀ ní Ìkirè, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, àgbàlá kún fún ẹrẹ̀, aṣọ tuntun ló sì wọ̀. Ó kàn kúnlẹ̀ gbì sínú ẹrẹ̀. Màmá Ìkirè, bí a ṣe ń pe ìyá dádì mi, kò tíì sọ bóyá òun fẹ́ ìyàwó tàbí òun kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó wo aṣọ, ó wo ẹrẹ̀, ó ní, “Ọmọ tó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ṣé orí sìmẹ́ńtì ilé mi ni yóò wá nàró sí?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í ní Àdùnní, ó sì kì í títí ẹrẹ̀ fi gbẹ mọ́ mọ́mì lórúnkún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí Màmá kò ti ròyìn rẹ̀. Ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà á ni pé Enugu lè kọ́ ìyàwó òun ní ìdúró kí-ènìyàn.

Àìsàn náà ti wá lẹ́ẹ̀kan rí. Wọ́n gé ọmú òsì, wọ́n fún un ní oògùn tó gbọn irun orí rẹ̀ dànù, irun hù padà, a sì ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Ìkirè ṣe tirẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jó débi pé orúnkún òun fúnra rẹ̀ wú, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀ mọ́ títí di òní. A rò pé ó ti tán. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun mọ́mì. Bàtà ọmọdé ló ń tà ní ọjà Ogbete, ó sì máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpò ọjà sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, nítorí náà gbogbo wa gbà pé àpò ló fà á. Mama Nkechi fi òróró gbígbóná wọ́ ọ lẹ́yìn. Òróró tán, ẹ̀yìn ò yé dùn ún, wọ́n bá ya fọ́tò inú ara rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti sọ fún mi, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni a ń jẹ. Dádì hukọ́ títí bíi pé egungun ẹja ló há a, mọ́mì bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Mopé, àìsàn yẹn ti padà. Kò sí nínú ọmú mọ́, inú egungun ló wà báyìí. Dókítà ní kò ní lọ pátápátá, àwọn á kàn máa fi oògùn lé e sẹ́yìn. Òun ò ní lọ, ṣùgbọ́n èmi náà ò tíì lọ.” Mo bi í ní Pidgin bóyá ó máa kú, torí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi irú ìbéèrè yẹn ní Yorùbá. Dádì gbé ojú sókè wo fáànù. Mọ́mì ní, “Kì í ṣe lónìí. Lónìí, ìwọ lo máa fọ àwo.” Mo fọ̀ wọ́n, mo ń sunkún sínú omi ọṣẹ, òun náà sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń nu wọ́n, ó ń sunkún tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí èkejì dákẹ́.

Dókítà ti kìlọ̀ pé egungun ìbàdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ti fúyẹ́, pé bó bá gbé ẹrù, tàbí ó ṣubú, tàbí ó kúnlẹ̀, ó lè kán. Dádì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sọ ìyàwó rẹ̀ di ẹyin. Ó ká gbogbo kápẹ́ẹ̀tì kí ó má bàa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ó fi fóòmù wé etí tábìlì. Ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀ wálé, mọ́mì wò ó bí ẹni tí wọ́n ra pósí fún lọ́jọ́ ìbí, ó ní òun kì í ṣe arúgbó. Agboòrùn ló ń tẹ̀ kiri dípò rẹ̀, ńlá kan báyìí tó ní orí dídì mú, nínú ọyẹ́ tí òjò kankan kò tilẹ̀ rántí ọ̀nà Enugu. Gbogbo àdúgbò mọ ìdí rẹ̀, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Màmá Ìkirè nìkan ni kò mọ̀. Dádì fẹ́ sọ fún un, mọ́mì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ti jó ìdúpẹ́ tán. Ṣé kí n wá ní kí wọ́n jó o padà sẹ́yìn ni?”

Lọ́jọ́ tí Màmá wá pè pé òun ti ń múra bọ̀, a ṣe ìpàdé. Àwa mẹ́ta ni, mo sì rí i pé àgbà ni mí nínú ilé wa lọ́jọ́ náà, torí pé èmi ni mo béèrè ohun tí kò sí ẹni tó fẹ́ dárúkọ: “Mọ́mì, báwo lẹ ṣe máa kí Màmá?” Bí kò bá kúnlẹ̀, àṣírí tú. Bó bá kúnlẹ̀, ìbàdí lè kán. Dádì ní kí ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mọ́mì ní ìyá ọkọ wo ni yóò bá ìyàwó lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọ̀sán gangan tí kò ní béèrè ìdí? Níkẹyìn a fẹnu kò sí ẹ̀wà. Mọ́mì yóò jókòó, a ó gbé tíréè ẹ̀wà ńlá lé e lẹ́sẹ̀, yóò máa ṣà á, èmi yóò sì sáré lọ pàdé Màmá lẹ́nu ọ̀nà, n ó kúnlẹ̀ pẹ́, kí ẹnu ti rẹ̀ ẹ́ kí ó tó wọlé.

Màmá dé pẹ̀lú àpò dòdò Ìkirè tí òórùn rẹ̀ ti ṣíwájú rẹ̀ wọ àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí erùpẹ̀ pupa. “Àjọkẹ́ mi,” ó wí, ó sì kì mí, ó wúre fún mi dé orí àwọn ọmọ tí n ó bí. Ẹnu kò rẹ̀ ẹ́ rárá. Ó gbé orí sókè, ó ní, “O káre. Ìyá rẹ ńkọ́?” Mọ́mì ti ń ké láti pálọ̀, “Ẹ káàbọ̀ mà, Màámi! Ẹ kú ìrìn o!” Ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ dìde, dádì bá tẹ̀ ẹ́ léjìká mọ́lẹ̀. “Jókòó! Ẹ̀wà yẹn á dànù!” Ohùn tó fi sọ ọ́, ẹ ó rò pé ẹ̀wà tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà ni. Màmá wo ọmọ rẹ̀, ó wo tíréè. “Ẹ̀wà,” ó wí, ó sì wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́mì ti ara mọ́ balùwẹ̀, ó sì ń kọrin níbẹ̀ títí omi fi tán nínú báfù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Mama Nkechi di irun rẹ̀ mú, ó ń dì í láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ irun tó wà lórí yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń dì. Lọ́jọ́ mìíràn tí a kò rí ọgbọ́n dá, tí Màmá sì ti ń bọ̀ láti yàrá, dádì sá lọ sẹ́yìn ilé, ó kígbe pé, “Ejò! Ejò o!” Kò sí ejò kankan. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé sá jáde pẹ̀lú ìgbálẹ̀ àti ọmọ odó, onílé wa sì ní kí wọ́n ro gbogbo koríko àgbàlá kanlẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Mọ́mì rẹ́rìn-ín nínú ilé títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹ̀rín ń dùn ún nínú egungun, kò sì lè dákẹ́.

Èmi ni ògbufọ̀ láàárín Màmá àti Mama Nkechi, torí pé Màmá kò gbọ́ Pidgin, Mama Nkechi kò sì gbọ́ Yorùbá. Mo máa ń fi ṣúgà sí ọ̀rọ̀ wọn. Bí Mama Nkechi bá tọ́ ọbẹ̀ Màmá wò, tó ní, “Tell am say the pepper go kill person,” n ó yíjú sí Màmá, n ó ní, “Ó ní ọbẹ̀ yín dùn mà.” Bí Màmá bá ní kí n bi í pé ṣé kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ ni, n ó ní, “Mama say make you come every day.” Wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn gan-an. Dòdò Ìkirè dé ojúlé kejì, òkpá gbígbóná dé ọ̀dọ̀ wa, Màmá sì jẹ́wọ́ fún mi pé obìnrin náà gbọ́n, pé ó kàn ń pariwo ni.

Ìyàwó rẹ̀ ni kò dáríjì. Kò sọ̀rọ̀, kò jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún un. “Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin màdáámù,” ni yóò wí. “Ẹ ti jí? Ẹ ti jẹun? Òjò wo ni ẹ ń retí tí agboòrùn kò fi kúrò lọ́wọ́ yín nínú ọyẹ́?” Ẹni tí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ń pè ní ẹ̀yin, kí onítọ̀hún yáa wá ibi jókòó sí. Mo gbọ́ tó ń sọ fún dádì nínú pálọ̀ pé, “Mo ti rí i. Ìyàwó rẹ ti di ọ̀gá. N ó lọ sílé mi láàárọ̀ ọ̀la.” Dádì la ẹnu, ó sì rántí ojú mọ́mì, ó pa á dé.

Ilé ìdáná ni mo ti bá mọ́mì ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ó fara ti ògiri, ó ń gé ilá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ilá kì í sì í ṣe àlùbọ́sà. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ sọ fún wọn jàre.” Ó ní, “Ẹ̀rù ń bà mí, Mopé. Ikú wà níbẹ̀ o, mi ò ní tàn ẹ́, ó ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bà mí lẹ́rù lójoojúmọ́ ni ojú tí wọ́n á fi máa wò mí. Àìsàn yìí ti gba ọmú, ó ti gba ṣọ́ọ̀bù mi ní Ogbete, ó ti gba àpò tí mo ń gbé. Ìkúnlẹ̀ yìí ni mo fi dé ilé ọkọ. Bí mo bá sọ pé mi ò lè kúnlẹ̀ mọ́, kí ló wá kù tí mo lè fi sọ pé èmi ni?” Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gé ilá yòókù, mo gé e ní ńláńlá bí iṣu, kò sì bá mi wí. Èmi náà ti dàgbà báyìí tí mo fi mọ̀ pé orúnkún kọ́ ló ń sọ nípa rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àpò Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, dádì ti lọ pe kẹ̀kẹ́ wá. Mọ́mì jáde láti yàrá, ó wọ aṣọ dáadáa, ó dé gèlè. Kò mú agboòrùn dání. Ó lọ dúró níwájú Màmá tó jókòó sórí àga, ó ní, “Màámi, ẹ ò ní bínú kúrò nílé mi.” Ó fi ọwọ́ kan di apá àga mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Ó dé agbede méjì. Ìrora mú un níbẹ̀, mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe funfun. Kò lè lọ sílẹ̀, kò lè padà sókè. Ẹ̀rín tó ti rín wá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò kàn ríbi gbé e sí. Màmá ń wò ó, ó rò pé ìgbéraga ni, pé ìyàwó òun ń fún òun ní ààbọ̀ ìkúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mama Nkechi ṣí ilẹ̀kùn wọlé pẹ̀lú òkpá tí Màmá máa jẹ lọ́nà. Ó rí mọ́mì, ó ju òkpá sórí tábìlì. “Madam! Wetin doctor tell you? No be doctor say make you no kneel down? You wan break that waist?”

Nínú gbogbo rẹ̀, “dókítà” nìkan ni Màmá gbọ́. Ó yíjú sí mi. “Àjọkẹ́, kí ló wí?”

Mọ́mì náà wò mí. Mo mọ ohun tó fẹ́: ó fẹ́ kí n fi ṣúgà sí i. Mo lè sọ pé Mama Nkechi ní ó dàbọ̀. Mo lè sọ pé ó ní òkpá ti jinná. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mọ́mì ti ń gbọ̀n lábẹ́ ìró. Mo ní, “Ó ní dókítà ní kí mọ́mì má kúnlẹ̀ mọ́. Àìsàn yẹn ti padà, ó ti wọ egungun wọn. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀, ìbàdí wọn máa kán. Kò sí ejò kankan, Màmá. Dádì ló ń parọ́.”

Màmá fò dìde. Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lè fò. Ó ki apá rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ apá mọ́mì láti gbé e sókè, orúnkún rẹ̀ tó ti wú láti ọjọ́ ìdúpẹ́ sì kọ̀ fún un, ó tì mọ́ ọn níbẹ̀. Àwọn méjèèjì bá fara ti ara wọn ní agbede méjì, gèlè kan gèlè, kò sí ẹni tó lè lọ síwájú, kò sí ẹni tó lè padà. Ibẹ̀ ni Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ sí mọ́mì létí pẹ́kípẹ́kí, torí pé ibẹ̀ ni etí náà wà.

“Àdùnní,” ó wí. Láti ìgbà tó ti dé, kò tíì pè é bẹ́ẹ̀. “Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ fún mi? Ọjọ́ tí o bí ọmọ yìí, ṣé o ò kúnlẹ̀ ni? Ìkúnlẹ̀ abiyamọ lo kúnlẹ̀, ojú mi ló ṣe. Èyí tí o kúnlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó mi títí n ó fi wọ ilẹ̀. Ẹ̀yin tí mo ń pè ọ́ láti ọjọ́ yìí, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Nítorí orúnkún! Nítorí orúnkún lásán-làsàn, ẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ!” Ó bú sẹ́kún. Mọ́mì náà bú sẹ́kún, ó ní, “Màámi, ẹ ti jó tán, mi ò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.” Màmá ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ijó mi tán? Orúnkún ló tán.” Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nìyẹn, ara wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń ké “yéè” torí pé ẹ̀rín ń dun àwọn méjèèjì.

Mama Nkechi fà mí láṣọ. “Wetin mama talk?” Mo ní, “She say make you carry dem.” Ó kó wọn. Ó di mọ́mì mú lábẹ́ apá, ó gbé e jẹ́jẹ́ sórí àga bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó sì padà wá gbé Màmá. Dádì dé bá wa pẹ̀lú oníkẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ìyá àti ìyàwó rẹ̀ lórí àga kan, omijé lójú wọn, òkpá lẹ́nu wọn. Oníkẹ̀kẹ́ ní, “Mama, we dey go or we no dey go?” Màmá kò dúró de ògbufọ̀. “No go,” ó wí, ó sì ju ọwọ́ sí i.

Kò lọ. Ó gbé ọ̀dọ̀ wa títí ọdún yẹn fi yí po, ó sì ṣòfin. Òfin àkọ́kọ́ ni pé mọ́mì yóò máa jókòó kí òun, kí n máa wá bá a kúnlẹ̀. Láràárọ̀, n ó kúnlẹ̀ fún ara mi, Màmá á wúre fún mi, n ó dìde, òun á ní, “Ìyá rẹ ńkọ́?” N ó tún kúnlẹ̀, mọ́mì á sọ láti orí àga pé, “Ẹ káàárọ̀ mà,” Màmá á sì kì í ní Àdùnní bíi pé òun ló wà nílẹ̀. Ti mọ́mì máa ń gùn ju tèmi lọ. Mo ráhùn, wọ́n ní orúnkún mi ṣì tuntun.

Mi ò ní sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mọ́mì kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, tí abẹ́rẹ́ egungun ń ṣe é bí ibà, tó ń bínú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan ó ní òun kò gbàdúrà mọ́, pé òun ti gbà á tó, kò sí ẹni tó gbọ́. Mo rò pé ilé máa wó. Màmá kàn ṣí èèpo ẹ̀gúsí kan, ó ní, “Kò burú. Jẹ́ kí á pín iṣẹ́. Èmi á bá ọ gbàdúrà, ìwọ máa bá mi bínú. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, a ó pààrọ̀.” Ẹ̀gúsí bíbó yẹn náà, òfin ni. Bí a bá ń retí èsì àyẹ̀wò láti ilé ìwòsàn, Màmá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lásán máa wo fóònù. Gbogbo wa ni yóò bó ẹ̀gúsí, dádì náà, Mama Nkechi náà. Bí èsì bá dára, a ó sè é. Bí kò bá dára, a ó sè é bákan náà. Gbogbo àdúgbò jẹ ẹ̀gúsí lọ́dún yẹn títí wọ́n fi bẹ̀ wá.

Màmá ló tún ń dá àlejò lóhùn. Obìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wá, ó wo mọ́mì láti òkè dé ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, ó ń fa ikun. Màmá ní, “Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, ojúlé kejì ni. Níhìn-ín, dòdò là ń jẹ.” Ó gbé e fún un. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, mo bi Màmá pé ṣé òun kì í sunkún ni. Ó ní òun ń sun ún nínú balùwẹ̀, láàárọ̀, pé kí ni mo rò pé ó ń mú kí omi tètè tán. Ó ní, “Àjọkẹ́, ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún náà, à á máa ríran.”

Lọ́jọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì tán, mọ́mì fà mí mọ́ra lórí àga. Ó ní, “Mo ti rò pé ọjọ́ tí mi ò bá lè kúnlẹ̀ mọ́ ni mo tán. Orúnkún ni àìsàn yìí mú. Kò mú èmi.” Ó gbá mi ní ìdí, ó ní kí n lọ fọ kẹ́ẹ̀gì.

Ó gbé ọdún mélòó kan sí i pẹ̀lú àìsàn náà nínú egungun rẹ̀, ju bí àwa àti dókítà ṣe rò lọ. Ó rí mi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó jókòó sórí àga, àwọn èèyàn ń bá a gbé àpò, ó ń pàṣẹ fún wọn bí ọba. Nígbà tó kú, mi ò rẹ́rìn-ín fún ìgbà pípẹ́. Ó ń dùn mí síbẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́ mọ́, ṣùgbọ́n bó bá dé, ó dé.

Dádì ti fẹ̀yìn tì, ó wà ní Ìkirè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ojú Màmá kò ríran dáadáa mọ́, orúnkún yẹn sì ti sọ ọ́ di ẹni àga. Bí mo bá ti Enugu dé, ìró ẹsẹ̀ mi ló fi ń mọ̀ mí. N ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, òun á fi ọwọ́ wá orí mi rí, á kì mí ní Àjọkẹ́, á wúre fún mi. N ó dìde. Kò ní ní kí n jókòó. Ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà nínà níbẹ̀, níbi tí orí mi wà tẹ́lẹ̀.

“O káre,” á wí. “Ìyá rẹ ńkọ́?”

Mo tún kúnlẹ̀. Ti mọ́mì ṣì ń gùn ju tèmi lọ, orúnkún tèmi náà sì ti ń dùn mí báyìí, ṣùgbọ́n n kì í dìde títí Màmá fi kì í ní Àdùnní tán.